Nígbà tí Ẹrẹ̀ Bá Gba Ọ̀nà Oko: Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Mú Kí Táyà Ọ̀kadà Gbá Ilẹ̀ Mú

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, mo gbé ìyá mi sẹ́yìn ọ̀kadà láti Òdòdé-Ìdànrè lọ sí abà wa. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Màmá fẹ́ fojú ara wọn rí iye kòkó tí àrùn ti bà jẹ́ lórí igi, nítorí àsìkò òjò gan-an ni èso kòkó máa ń dúdú tí ó sì máa ń jẹrà kó tó pọ́n. Mo ní kí á dúró di ọ̀sán, kí oòrùn ràn sí ọ̀nà díẹ̀. Wọ́n ní oòrùn wo ni mo rí tí mo ń dúró dè.

A ti kọjá odò kékeré tó wà ṣáájú abà, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí mo ti gùn láìmọye ìgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìdajì rẹ̀ ni ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo fún bíréèkì iwájú. Kí n tó ṣẹ́jú, táyà iwájú ti yọ̀ tẹ̀rẹ́ lọ sí òsì, ọ̀kadà ti wà nílẹ̀, èmi wà lábẹ́ rẹ̀, ìyá mi sì wà nínú òkìtì ewé kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọn kò pariwo. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé o ò ṣèṣe?" Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń wú kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Egungun ọrùn ọwọ́ ló ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé ọwọ́ náà kọ́ ọrùn, tí wọn kò lè ro ọkà, tí wọn kò lè wé gèlè fúnra wọn. Èmi ni mo ń fọ aṣọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì mí lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí mo ti ọ̀kadà náà bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa, tó ti ń fi ọ̀kadà kó kòkó jáde láti inú oko fún ohun tó lé ní ogún ọdún, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ojú táyà iwájú, ó ní, "Àbúrò, bàtà ọ́fíìsì lo wọ̀ fún un, tó o wá ń lé e lọ sínú àbàtà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ táyà àti ẹrẹ̀. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, apá kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn, apá kan láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà wa, èyí tó kù wá láti inú ìṣubú tèmi fúnra mi, tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Amọ̀ tó ń so kòkó ló ń gbé wa ṣubú

Ilẹ̀ tí kòkó fẹ́ràn ni ilẹ̀ tó ní amọ̀ nínú dáadáa, tó lè di omi mú fún gbòǹgbò nígbà tí ọ̀dá bá dé. Ìyẹn ni pé ohun náà gan-an tó ń bọ́ wa ló ń dà wá sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí iyanrìn, omi á gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀, ilẹ̀ náà á tilẹ̀ le sí i ju ti ìgbà gbígbẹ lọ. Amọ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀ kíákíá. Ẹyọ rẹ̀ kéré jọjọ, ó sì rí pẹlẹbẹ. Bí omi bá ti wọ àárín wọn, ọ̀kan á máa yọ̀ lórí èkejì bí ìgbà tí èèyàn bá da omi ọṣẹ sórí táìlì.

Ẹrẹ̀ kì í sì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹrẹ̀ kan wà tó jẹ́ ti òkè nìkan: ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣì le gbagidi, ìpele tín-ín-rín kan péré ló ti di bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀. Èyí ló ń tan èèyàn jẹ jù, nítorí ó dà bí ilẹ̀ gidi lójú. Òun ló gbé èmi àti ìyá mi ṣubú. Èkejì ni ẹrọ̀fọ̀ tó jìn, tí táyà ń rì sínú rẹ̀ títí dé rímù, èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wá kó igi gẹdú tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti po pọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún èkejì. Lórí ẹrẹ̀ òkè, táyà tóóró tó ní eyín dára, torí pé á gé ìpele tó ń yọ̀ náà kọjá, á sì kan ilẹ̀ líle tó wà nísàlẹ̀. Nínú ẹrọ̀fọ̀ jíjìn kò sí ilẹ̀ líle nítòsí. Ohun tó ń gbé ọ̀kadà lọ níbẹ̀ ni pé kí eyín táyà máa wa ẹrẹ̀ sẹ́yìn bí àjẹ̀ ṣe ń wa omi. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé táyà tó bá ti fẹ̀ jù ló dára jù fún òjò. Lórí ọ̀nà oko tiwa, níbi tí ẹrẹ̀ òkè ti pọ̀ ju ẹrọ̀fọ̀ lọ, táyà fífẹ̀ á kàn léfòó sórí bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀ náà ni, á sì máa wá ibi tí yóò yọ̀ gbà.

Eyín táyà

Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí à ń rà, táyà títì ọ̀dà ni wọ́n máa ń gbé wá. Ti iwájú sábà máa ń ní ilà tó yí i ká, ti ẹ̀yìn ní kókó kéékèèké tó sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Lórí ọ̀dà, èyí dára púpọ̀, nítorí bí rọ́bà tó kan ilẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀kadà ṣe ń dúró dáadáa tó. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá ti kún àárín àwọn ilà àti kókó wọ̀nyẹn, kò ní jáde mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, táyà á ti dán, á wá dà bí òkèlè iyán tí a yí nínú ọbẹ̀ ilá. Ẹni tó bá sọ kalẹ̀ wo táyà rẹ̀ nígbà yẹn kò ní rí eyín kankan. Amọ̀ lásán ló ń fi gun orí amọ̀.

Táyà tí a ṣe fún ọ̀nà oko ní eyín gbọọrọ tó ga, tó sì jìnnà síra wọn. Jíjìnnà síra yẹn ló ṣe pàtàkì ju gíga lọ. Bí táyà ṣe ń yí, ipá yíyí náà á máa ju amọ̀ dànù láti àárín àwọn eyín, tí eyín á fi tún mọ́ kó tó padà kan ilẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kadà tó ń ju ẹrẹ̀ sókè lẹ́yìn rẹ̀, táyà tó ń fọ eyín ara rẹ̀ lẹ rí yẹn. Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ fi ìka yín sí àárín eyín méjì. Bí ìka kan kò bá wọ ibẹ̀ tán, amọ̀ Ìdànrè yóò dí i pa.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá kọ 3.00-17 síbẹ̀, 3.00 ni fífẹ̀ táyà ní íǹṣì, 17 sì ni ìwọ̀n rímù tó bá a mu, ní íǹṣì pẹ̀lú. Rímù kò ṣeé fi tipátipá bá táyà mu, ẹ má sì jẹ́ kí ontáyà tó fẹ́ ta ọjà rẹ̀ sọ fún yín pé ó ṣe é ṣe. Púpọ̀ nínú wọn tún ní ọfà tó ń tọ́ka sí ọ̀nà tí táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí. Ọ̀kadà mélòó ni mo ti rí tí ọfà rẹ̀ kọjú sẹ́yìn! Nọ́ńbà mẹ́rin kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ wá: bí ẹ bá rí 2319, ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Rọ́bà máa ń gan bí ó bá ti pẹ́, ì báà má tíì kan ilẹ̀ rí, táyà tó ti gan kì í sì í lè tẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò tí òjò ti rin. Táyà tó ti sùn sórí pákó ìsọ̀ fún ọdún méje, tí oòrùn ń pa á lójoojúmọ́, tuntun lójú nìkan ni.

Mo tún ti rí táyà tó ti jẹ tán, tí ẹnì kan fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ilà tuntun sí lójú. Ẹ sá fún un. Rọ́bà tó kù níbẹ̀ kò pọ̀, okùn tó wà nínú táyà ló kù díẹ̀ kó yọ síta, ẹ̀gún kan ṣoṣo sì tó láti la á.

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí ni pé, bí owó bá tó táyà kan ṣoṣo ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń ra ti ẹ̀yìn, wọ́n sì ní ìdí, nítorí òun ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun ló ń gun òkè. Ṣùgbọ́n bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí ọ̀kadà á kàn jó sọ́tùn-ún sósì, ẹ sì lè rí i dá padà. Bí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ni. Èmi kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: bí ẹ bá máa ń gbé èèyàn, ẹ tọ́jú owó títí yóò fi tó méjèèjì.

Ẹ rántí pé gbogbo nǹkan ló ní owó orí rẹ̀. Táyà eléyín gbọọrọ kì í dúró kíákíá lórí ọ̀dà tí omi wà lójú rẹ̀, nítorí orí eyín nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ó tún máa ń pariwo, ó sì máa ń tètè jẹ bí a bá ń fi sáré lórí títì. Ẹni tí ọ̀nà oko rẹ̀ kò ju kìlómítà méjì lọ, tó sì ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gun títì, kí ó tún un rò.

Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù

Ká ní mo mọ èyí tí mo máa sọ yìí ṣáájú ọjọ́ Sátidé yẹn ni, bóyá ọwọ́ ìyá mi kì bá tí ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà mi kò dára. Afẹ́fẹ́ inú táyà mi ti pọ̀ jù. Fọkanáísà ló fẹ́ ẹ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kò lo géèjì, ó kàn fi ìkúùkù lù ú, ó ní ó ti le dáadáa. Ó le lóòótọ́.

Ibi tí táyà ọ̀kadà ti ń kan ilẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ibẹ̀ á tún kéré sí i, nítorí táyà á rí roboto bí ẹyin. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀, táyà á tẹ̀, ibi tó kan ilẹ̀ á gùn sí i, eyín púpọ̀ á sì máa kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe idán, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Iye tó yẹ wà nínú ìwé tó bá ọ̀kadà wá, nígbà mìíràn ó wà lára ike tó bo ṣéènì. Fún àwọn ọ̀kadà kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, PSI 25 ni wọ́n sábà máa ń sọ fún iwájú, 28 sí 32 fún ẹ̀yìn, ó sinmi lórí bóyá ẹni kan tàbí méjì ló jókòó. Nígbà tí mo bá dá rìn tí mo sì fẹ́ wọ ẹrẹ̀, mo máa ń sọ ti iwájú kalẹ̀ sí 20, ti ẹ̀yìn sí 22 tàbí 23. N kò kọjá ibẹ̀. Ìdí ni pé táyà tiwa ní tíúbù nínú: bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, táyà á máa yọ̀ lórí rímù, á wọ́ tíúbù dání, ẹnu fáàfù á sì ya kúrò lára tíúbù. Mo ti gbọ́ ìró rẹ̀ rí nínú igbó, ó dà bí ẹni pé ejò ń mí. Ohun kejì ni pé òkúta tàbí gbòǹgbò lè tẹ táyà mọ́ rímù, kí ó sì já tíúbù ní ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ejò bá buni jẹ. Bí ẹ bá gbé ẹrù tàbí èèyàn, ẹ má ṣe dín ti ẹ̀yìn kù rárá. Ẹrù náà fúnra rẹ̀ á tẹ táyà tó.

Nítorí náà, ẹ ra géèjì tiyín. Ó kéré, àpò ṣòkòtò ni tèmi ń gbé. Òwúrọ̀ kí ọ̀kadà tó rìn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí bí táyà bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, géèjì á sì purọ́. Mo tún máa ń di páǹpù kẹ̀kẹ́ ológeere kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, kí n lè fẹ́ ẹ padà kí n tó bọ́ sí títì. Táyà tó rọ̀ lórí ọ̀dà máa ń gbóná, ọ̀kadà á sì máa fì.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ àwọn fọkanáísà, èèyàn kì í ronú pé orúkọ iṣẹ́ wọn ní ìtàn. Ní 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ tí a sì dáná sí i, kò ní máa yọ́ nínú ooru, kò sì ní máa gan nínú òtútù mọ́. Iṣẹ́ náà ni wọ́n fún ní orúkọ tí àwa yí padà di fọkanáísà. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko kan tó ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é fún, nítorí bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń gbọ̀n án jìgìjìgì. Inú mi máa ń dùn pé nítorí ọmọ ni.

Mágádì àti àwọn nǹkan tí a kì í wò

Ọjọ́ kan wà tí ọ̀kadà mi kọ̀ láti lọ, tí kì í ṣe pé ó rì. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà iwájú kò yí. Amọ̀ ló ti dí àárín táyà àti mágádì pa títí ó fi di bíréèkì fúnra rẹ̀. Igi ni mo fi ń họ ọ́ jáde ní gbogbo ogún mítà. Wọ́n kì í gbé mágádì ọ̀kadà oko jókòó sórí táyà. Òkè réré ni wọ́n máa ń gbé e sí, kí amọ̀ lè rí àyè jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù lọ́dọ̀ wa máa ń yọ ti iwájú dànù pátápátá bí òjò bá ti dé. Èmi náà yọ ọ́ fún oṣù kan, ẹrẹ̀ fi ojú mi ṣe ibùjókòó, ó sì tún lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ́ńjìnnì yìí, atẹ́gùn ló ń tù wọ́n. Bí amọ̀ bá gbẹ mọ́ àwọn abẹ́ irin ara wọn, ooru kò ní rọ́nà jáde. Nígbẹ̀yìn mo ní kí mẹkáníìkì fi irin gbé mágádì náà sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ó burẹ́wà. Ó ń ṣiṣẹ́.

Bíréèkì ọ̀kadà tiwa jẹ́ èyí tó wà nínú àgbá irin. Bí ẹ bá la omi kọjá, inú rẹ̀ á rin, kò sì ní mú dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ jẹ́jẹ́, kí ooru gbẹ ẹ́, kí ẹ tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kàn. Bí ẹ bá délé, ẹ fọ ṣéènì, kí ẹ sì kán òróró sí i.

Lórí ìjókòó

Táyà tó dára jù lọ ní ayé kò lè gba ẹni tó ń fi ìbẹ̀rù gun ọ̀kadà sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, ṣùgbọ́n ejò kì í dúró láàárín ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀. Ẹ yan jíà kejì kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ fún un níná níwọ̀nba, kí ẹ sì jẹ́ kí ìrìn tí ẹ bá wọlé ló gbé yín jáde. Jíà àkọ́kọ́ máa ń fa táyà lójijì, ìfà òjijì yẹn ló sì máa ń mú kó yọ̀. Bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ẹ dín iná kù. Ẹni tó bá tún fún un níná sí i, kòtò ló ń gbẹ́ fún ara rẹ̀. Ohun tó ń yọ wá nírú ibẹ̀ ni imọ̀ ọ̀pẹ: ẹ bẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tì wọ́n sábẹ́ táyà ẹ̀yìn ní ìbú, kí táyà lè rí nǹkan gùn.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣe bíréèkì fún yín. Jíà kìíní, ọwọ́ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, iná pípa, kí ó máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn níwọ̀nba bí ó bá yẹ. Ti iwájú, ẹ gbàgbé rẹ̀. Táyà iwájú tó bá dúró láìyí nínú ẹrẹ̀ kò lè darí ohunkóhun mọ́, ibi tó bá wù ú ló ń lọ. Ìka mi méjì ló jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo sì ní láti kọ́ àwọn ìka náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé ìwà wọn.

Ẹrù ńkọ́? Àpò kòkó gbígbẹ kan sún mọ́ kílò 64, bí odindi èèyàn. Bí ẹ bá so ó sí ẹ̀yìn pátápátá, táyà ẹ̀yìn á gbá ilẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti iwájú á fúyẹ́, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sún mọ́ ìdí yín, kí ó sì wálẹ̀ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹrù tó bá ń mì á máa jù yín káàkiri. Èèyàn ni ẹrù tó rọrùn jù lọ láti dín kù, òun ni a kì í fẹ́ dín kù: kí ẹni ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ kí ó fẹsẹ̀ rìn. Ìtìjú máa ń wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó gbé àgbà, bíi pé a lé wọn sọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn nílé kí ẹ tó gbéra, kò ní dà bí ìwọ̀sí mọ́. Akoto orí kò sì ní ká máa jiyàn lé e lórí, ti ẹni ẹ̀yìn pẹ̀lú.

Ọgbọ́n okùn kan tún wà. Àwọn kan máa ń wé okùn tó nípọn mọ́ táyà àti rímù ẹ̀yìn, kí ó gba àárín sípóòkù, ní ibi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, tí ìdè kọ̀ọ̀kan á wá dà bí eyín ńlá. Mo dán an wò. Ó gun òkè tí táyà nìkan kò lè gùn, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ìdè kan tú, ó wọ inú ṣéènì, ọ̀kadà sì dúró gbagidi. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí táyà náà ká láti rí i pé kò kan mágádì, ṣéènì tàbí irin bíréèkì, ẹ rìn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dé títì.

Èèpo èkùrọ́

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ pọ̀ jù kò sí lára ọ̀kadà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gbé wa ṣubú yẹn, omi láti oko òkè ló ń gba ojú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Ọ̀nà náà ti di odò, àwa sì ń ra táyà. Ọ̀dọ́ mẹ́rìnlá tí oko wọn gba ibẹ̀ kọjá la kó ara wa jọ, a bẹ ara wa lọ́wẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé méjì. Ní ọjọ́ kìíní, a gbẹ́ ojú àgbàrá sí apá òkè kí omi lè yà sínú igbó kó tó dé ojú ọ̀nà, a sì gbẹ́ ìlà mìíràn dábùú ọ̀nà ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ síra wọn. A bẹ́ àwọn ẹ̀ka tó bo ọ̀nà lókè, nítorí ibi tí oòrùn kò bá rí kì í gbẹ. Ní ọjọ́ kejì, a lọ bẹ àwọn ìyá tó ń fọ́ èkùrọ́, wọ́n fún wa ní èèpo rẹ̀ ọ̀fẹ́, àpò méjìlélógójì, a dà á sí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀.

Èèpo èkùrọ́ le, etí rẹ̀ mú, kì í sì í tètè jẹrà. Ó ń wọ inú amọ̀, ó sì ń fún táyà ní ohun tí yóò di mú. N kò tíì rí táyà tó ṣe bẹbẹ tó ohun tí èèpo yẹn ṣe. Ó ní kí a máa fi kún un lọ́dọọdún ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò, nítorí àgbàrá á kó díẹ̀ lọ, ọ̀kadà á sì tẹ díẹ̀ rì. Lọ́dún tó kọjá, a kò rí èèyàn ju mẹ́sàn-án lọ. Àwọn tó kù ní táyà àwọn dára.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, ìyá mi ní kí n gbé àwọn lọ sí abà. Kòkó ti pọ́n, wọ́n sì fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ́ ọ. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jókòó sẹ́yìn mi nínú òjò láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí n tó sọ ohunkóhun, wọ́n fọwọ́ gbá èjìká mi, wọ́n ní, "Dúró ńbẹ̀." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ sílípáàsì wọn, wọ́n mú un dání, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ lórí èèpo èkùrọ́, wọ́n ń ṣe "yéè" díẹ̀díẹ̀ nítorí ó ń gún wọn lẹ́sẹ̀. Mo fi jíà kìíní tẹ̀ lé wọn, mo sì dúró dè wọ́n nísàlẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tẹ táyà iwájú.

"Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò ti kéré jù báyìí?"

"Ogún ni, Màmá."

Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wọ sílípáàsì wọn, wọ́n sì gun ẹ̀yìn.